Eré Ọ̀fẹ́ Orí Fóònù: Ta Ni À Ń Ṣiṣẹ́ Fún?

(Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn aṣojú òṣìṣẹ́ wa bá ìpàdé ẹ̀ka sọ. A tẹ̀ ẹ́ síbí nítorí àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ alẹ́ àti àwọn tó wà lójú títì lọ́jọ́ náà.)

  Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ẹnu iṣẹ́ alẹ́ bọ̀ ni, oorun sì wà lójú yín. Mi ò ní pẹ́.

Nígbà tí alága ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí eré ọ̀fẹ́ orí fóònù, àwọn kan rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ṣé ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ nìyẹn? Ọ̀rọ̀ owó oṣù wà nílẹ̀, ọ̀rọ̀ ìbọ̀wọ́ tí kò kárí wà nílẹ̀, ọ̀rọ̀ bíréèkì ọkọ̀ tí a ti kọ̀wé lé lórí lẹ́ẹ̀mẹ́ta wà nílẹ̀, aṣojú wa wá ń sọ̀rọ̀ eré ọmọdé. Ẹ fara balẹ̀ fún mi. Ọ̀rọ̀ owó iṣẹ́ náà ni mò ń bọ̀ wá sọ, mo kàn fẹ́ gba ẹ̀yìnkùlé wọ̀ ọ́ ni.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Èmi fúnra mi ṣe é. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí ní oṣù Karùn-ún sí oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, ẹ rántí pé orí mi kì í gbé sókè. Ọ̀kan nínú àwọn eré títẹ tó wà lórí Telegram nígbà náà ni, irú èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní táàpù. Mi ò ní dárúkọ tèmi, torí wọ́n pọ̀ bí eṣú, ọ̀kan ò sì yàtọ̀ sí èkejì. Wàá máa fi ìka tẹ àwòrán kan, kọ́ìnì á máa pọ̀ sí i. Bí o bá tẹ̀ ẹ́ títí, agbára rẹ á tán, wàá dúró kó tún kún, wàá tún padà wá tẹ̀ ẹ́. Bí o bá pe ọ̀rẹ́ rẹ wá, wọ́n á fi kọ́ìnì kún tìrẹ. Wọ́n ní lọ́jọ́ kan, kọ́ìnì wọ̀nyí yóò di owó.

Kì í ṣe pé a ya òmùgọ̀. Ní oṣù Karùn-ún ọdún náà, eré kan tí wọ́n ń pè ní Notcoin ti sọ kọ́ìnì tí àwọn ènìyàn tẹ̀ jọ di ohun tí a lè tà lọ́jà, àwọn kan sì rí owó gidi níbẹ̀. Mo mọ ẹnìkan tó fi tirẹ̀ san owó ilé-ìwé ọmọ. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kò sọ òótọ́. Ẹni tí owó oṣù rẹ̀ kì í pé ọ̀sẹ̀ méjì kó tó tán, tó rí aládùúgbò rẹ̀ tó fi títẹ fóònù san owó ilé-ìwé, kí lẹ fẹ́ kó ṣe? Ó máa tẹ̀ ẹ́ ni.

Mo tẹ̀ ẹ́. Kí n tó gbàdúrà òwúrọ̀, mo ti tẹ̀ ẹ́. Nínú bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́, mò ń tẹ̀ ẹ́. Àkókò oúnjẹ wa, ìṣẹ́jú 30 tí ẹgbẹ́ yìí jà fún kí ọ̀pọ̀ nínú yín tó wọlé síbí, mo fi ń tẹ̀ ẹ́, ẹ̀bà á tutù sínú àwo. Ìyàwó mi ní bí ẹni tí eéṣú bọ́ sí lọ́wọ́ ni mo rí.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó dùn mí jù. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà 2024, NLC àti TUC pe òṣìṣẹ́ Nàìjíríà jáde nítorí owó oṣù tó kéré jù lọ. Ẹ̀ka yìí yan èmi àti ẹni méjì kí a dúró lẹ́nu géètì kí ẹnikẹ́ni má wọlé. A dúró lóòótọ́. Oòrùn pa wá. Kò sí ẹni tó wọlé. Ṣùgbọ́n kí ni ìka mi ń ṣe ní gbogbo àkókò náà? Mò ń tẹ̀ ẹ́. Èmi tí mo daṣẹ́ sílẹ̀ fún máníjà tí mo mọ orúkọ rẹ̀, tí mo mọ ilé rẹ̀, tí mo lè kọ̀wé sí, mò ń báṣẹ́ lọ ní pẹrẹu fún máníjà tí n kò mọ̀ rí, mo sì ń fi dátà ara mi ṣe é.

Nígbà tí wọ́n ṣí owó náà, mo ta gbogbo kọ́ìnì tèmi lọ́jọ́ kan náà. Lẹ́yìn náà mo mú bírò, mo jókòó, mo ṣírò rẹ̀ bí a ti ń ṣírò óófátáìmù tí wọ́n jẹ wá. Ọjọ́ 135 ni mo fi tẹ̀ ẹ́. Mo ka wákàtí 2 sí ojúmọ́ kan, mo sì mọ̀ pé mo dín in kù ni. Ó jẹ́ wákàtí 270. Ohun tó wọlé fún mi jẹ́ 6,400 náírà. Ẹ pín in, kò pé 24 náírà fún wákàtí kan. Owó oṣù tó kéré jù lọ tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọjọ́ 29 oṣù Keje 2024, èyí tí a ní kò lè jẹ ènìyàn yó, 70,000 náírà ni. Ẹni tó bá fi ọjọ́ 22 ṣiṣẹ́ lóṣù, wákàtí 8 lójúmọ́, ń gba bíi 398 náírà ní wákàtí kan. Bí máníjà wa bá wọ gbọ̀ngàn yìí báyìí pé òun fẹ́ máa san 24 náírà ní wákàtí, ṣé àga kankan máa ṣẹ́kù nílẹ̀ níbí?

Mi ò tíì yọ dátà kúrò. 1,500 náírà ni mò ń rà lọ́sẹ̀ nítorí rẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 19. Ó jẹ́ 28,500. Ẹ yọ 6,400 kúrò níbẹ̀. Èmi ni mo san 22,100 náírà kí wọ́n tó gbà mí síṣẹ́.

Ẹ máa rántí pé èmi rí nǹkan gbà. Èyí tó tóbi jù nínú àwọn eré náà lọ́dún yẹn ni Hamster Kombat, tí gbogbo yín mọ̀. Wọ́n ya ẹranko kan bí eku, wọ́n ní òun ni ọ̀gá pátápátá ní ilé-iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ta owó orí kọ̀ǹpútà, iṣẹ́ tìrẹ sì ni kí o máa tẹ̀ ẹ́ kí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ lè gbilẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Wọn ò bò ó mọ́lẹ̀ fún wa, wọ́n ya àwòrán rẹ̀ hàn wá pé máníjà la fẹ́ sìn. Oṣù Kẹta 2024 ló bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí oṣù Kẹsàn-án fi dé, àwọn tó ni ín sọ pé ènìyàn 300 mílíọ̀nù ló ti ṣe é. Ọjọ́ 26 oṣù náà ni ọjọ́ owó. Nínú 300 mílíọ̀nù, wọ́n ní 131 mílíọ̀nù ló yẹ fún owó. Wọ́n yọ mílíọ̀nù 2 àti díẹ̀ mìíràn kúrò pé wọ́n ṣe màgòmágó. Mi ò gbọ́ pé wọ́n fún ẹnikẹ́ni ní kúéérì, mi ò gbọ́ pé aṣojú kankan bá wọn jókòó. Kọ́ìnì tí àwọn ènìyàn fi oṣù mẹ́fà tẹ̀ jọ, tí àwọn mìíràn ti ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún mílíọ̀nù, kì í tilẹ̀ ṣe òun ni wọ́n fi pín owó. Àwọn nǹkan mìíràn ni wọ́n wò, bí iye tí o ń pa ní wákàtí kan nínú eré náà, àti àwọn ọ̀rẹ́ tí o kó wá. Ojúlówó ẹyọ tí wọ́n wá fún àwọn tó yege, bíi sẹ́ǹtì kan owó Amẹ́ríkà ni ọ̀kọ̀ọ̀kan rẹ̀ lọ́jọ́ tó dé ọjà, ó sì já wálẹ̀ kí ọdún tó parí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ilẹ̀ wa níbí ló rí owó tí kò ra ìwọ̀n ìrẹsì kan.

Kí àwọn tó ni ín wá rí ńkọ́? Nínú iṣẹ́ tí wọ́n ń fún wa lójoojúmọ́ ni kí a lọ wo fídíò wọn lórí YouTube kí a lè gba kọ́ìnì. A lọ. Àwọn tó forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ ojúlé wọn níbẹ̀ lé ní 30 mílíọ̀nù. Ẹ̀yin tí ẹ mọ bí YouTube ti ń sanwó fún ẹni tí èrò ń wo fídíò rẹ̀, ẹ mọ ibi tí òógùn wa gbà lọ.

Ẹ má rò pé Telegram ló dá a sílẹ̀. Àwọn tó dàgbà díẹ̀ nínú yín á rántí FarmVille lórí Facebook. Ilé-iṣẹ́ Zynga ní Amẹ́ríkà gbé e jáde ní oṣù Kẹfà 2009, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2010, àwọn tó ń ṣe é lóṣù kan sì ti lé ní 80 mílíọ̀nù. Oko ni, lórí kọ̀ǹpútà. Wàá gbin nǹkan, wàá sì padà wá kórè rẹ̀ lákòókò tí wọ́n dá fún ọ. Bí o bá pẹ́, ohun ọ̀gbìn rẹ á rọ. Ẹ ò rí i? Bàbá mi ṣiṣẹ́ oko títí ó fi dolóògbé, kò sí ọjọ́ kan tí iṣu fi aago jí i lóru. Oko tí kò hu iṣu kan ṣoṣo ló ń jí ènìyàn mílíọ̀nù 80. Kí oko náà tó lè tóbi, o ní láti pe aládùúgbò, kí o máa ránṣẹ́ sí wọn pé kí wọ́n fún ọ ní ìṣó, kí wọ́n fún ọ ní pákó, tàbí kí o fi owó rà á. Eré náà lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n sùúrù ni wọ́n ń tà fún wa níbẹ̀.

Candy Crush náà ò yàtọ̀, èyí tó dé orí Facebook ní ọdún 2012. Ẹ̀mí márùn-ún ni wọ́n ń fún ọ. Bí ó bá tán, wàá dúró ìṣẹ́jú 30 kí ọ̀kan tó padà, tàbí kí o bẹ ọ̀rẹ́, tàbí kí o sanwó. Ní ìparí ọdún 2013, nínú 100 ènìyàn tó ń ṣe eré ilé-iṣẹ́ náà, bíi 4 ló ń sanwó. Síbẹ̀, owó tó wọlé fún wọn lọ́dún yẹn lé ní bílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ dọ́là. Ẹ bi mí pé kí ni àwọn 96 tó kù ń ṣe níbẹ̀. Ẹ̀yin ará gáréèjì mọ ìdáhùn rẹ̀ jù mí lọ. Nígbà tí ọkọ̀ bá ṣófo, èrò kì í wọ̀ ọ́. Ẹ á mú ọmọkùnrin mẹ́ta mẹ́rin, ẹ á kó wọn jókòó sínú ọkọ̀ bí ẹni tó ń rìnrìn-àjò, kí èrò gidi lè rò pé ọkọ̀ ti fẹ́ẹ́ kún. Iṣẹ́ tí àwọn 96 ń ṣe nìyẹn. Ṣùgbọ́n dírẹ́bà ń fún àwọn ọmọ yẹn ní nǹkan bí wọ́n bá sọ̀ kalẹ̀. Àwa, wọn kì í fún wa ní kọ́bọ̀.

Ẹni tó tún ń jẹ níbẹ̀ ni ẹni tó ni títì. Láti oṣù Keje 2011, Facebook sọ ọ́ di dandan pé owó tí wọ́n bá ná nínú eré gbọ́dọ̀ gba ọ̀dọ̀ òun kọjá, ó sì ń mú 30 nínú gbogbo 100 nígbà náà. Nígbà tí Facebook gbé ìwé ìṣirò rẹ̀ síta ní ọdún 2012 torí pé ó fẹ́ ta ìpín lọ́jà, ó jáde pé 12 nínú gbogbo 100 owó tó wọlé fún un lọ́dún 2011, ọ̀dọ̀ Zynga nìkan ló ti wá. Owó orí, owó ibùdókọ̀, kò sí ìyàtọ̀. Èyí tó tún burú ni pé ní oṣù Kẹwàá 2010, ìwé ìròyìn Wall Street Journal tú u síta pé àwọn eré tí ọ̀pọ̀ ń ṣe lórí Facebook, tí FarmVille wà nínú wọn, ń fi nọ́ńbà ìdánimọ̀ àwọn tó ń ṣe wọ́n ránṣẹ́ sí àwọn olùpolówó ọjà. Ìwọ lọ gbin kárọ́ọ̀tì, wọ́n ń ta orúkọ rẹ.

Kí ló gbẹ̀yìn rẹ̀? Ní oṣù Kẹfà 2013, Zynga lé òṣìṣẹ́ 520 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nítorí náà ẹ má rò pé àwọn tó ń kọ eré náà jẹ́ ọ̀tá wa, òṣìṣẹ́ bíi tiwa ni wọ́n. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 2020, wọ́n ti FarmVille orí Facebook náà pa. Ẹni tó ti dá oko níbẹ̀ fún ọdún 11, tó ti fi owó ra màlúù àti ọgbà, ilẹ̀ mọ́ bá a, kò sí oko mọ́. Lọ́dún 2022, ilé-iṣẹ́ mìíràn ra Zynga ní bílíọ̀nù 12 dọ́là àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí ẹni tó fún àwọn àgbẹ̀ ní gírátúítì.

Ọ̀rọ̀ tó kàn le fún mi láti sọ. Ní oṣù Keje 2024, ní sẹ́kísọ̀n tiwa, lẹ́nu iṣẹ́ alẹ́, fóònù ọmọkùnrin kan dún nínú àpò rẹ̀ pé agbára ti kún, kó wá tẹ̀ ẹ́. Ó yọ ọ́ wò. Ẹ̀rọ kì í dúró de ẹni tó ń wo fóònù. Orí ìka rẹ̀ méjì lọ. Èmi ni aṣojú rẹ̀. Mo bá a lọ sílé ìwòsàn, mo bá a kọ ìwé ẹ̀tọ́ rẹ̀ lábẹ́ òfin ọdún 2010 tó wà fún òṣìṣẹ́ tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn aláṣẹ ní àfọwọ́fà rẹ̀ ni. Mo bá wọn fà á. Mo ní ẹ̀rọ náà kò ní ìbòrí, a sì ti kọ̀wé nípa rẹ̀ ṣáájú, òótọ́ sì ni. Ó rí owó rẹ̀ gbà. Ṣùgbọ́n bí mo ti ń sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà, ẹnu mi ń gbẹ, torí pé èmi ni mo fi líǹkì eré náà ránṣẹ́ sí i. Kọ́ìnì ni mo gbà lé e lórí. Kì í ṣe òun nìkan. Ènìyàn 23 ni mo pè nínú ẹ̀ka yìí. Ẹ fọkàn tán mi, torí èmi ni mò ń bá yín gbé ìwé lọ bá àwọn aláṣẹ. Ìfọkàntán yẹn ni mo tà.

Àwọn kan á ní, ṣé kí òṣìṣẹ́ má ṣeré ni? Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ẹni tó ṣe wákàtí 12 nídìí ẹ̀rọ, tàbí tó wa ọkọ̀ láti ìdájí dé alẹ́, eré tọ́ sí i ju máníjà lọ. Ẹ jẹ́ kí a wo eré tiwa. Bí ènìyàn méjì bá jókòó ti ọpọ́n ayò, ọ̀ta á pa ọ̀pẹ, ọ̀pẹ á binu, ayò á tán, olúkúlùkù á dìde. Ọmọ ayò kì í jí ẹnikẹ́ni lóru. Kò sí ẹni tó ń ta ìmí fún ọ̀pẹ. Àwọn tó dúró ti ọpọ́n ń sọ̀rọ̀, wọ́n ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn àgbà ẹ̀ka yìí sọ fún mi pé nídìí dráfútì ní kàntíìnì ni wọ́n ti kọ́kọ́ mọ̀ pé owó óófátáìmù tí wọ́n ń san ní sẹ́kísọ̀n kan kò bá ti sẹ́kísọ̀n kejì mu. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti dìde tó fi di ìwé àdéhùn. Ẹ wo kàntíìnì wa lónìí ní àkókò oúnjẹ. Ènìyàn 60 jókòó, kò sí ẹni tó mọ̀ pé ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun kò tíì gba owó ìsinmi rẹ̀.

Àwọn aláṣẹ ti lẹ ìwé mọ́ pátákó pé àwọn fẹ́ máa gba fóònù gbogbo wa lẹ́nu géètì. A ò ní gbà. Ìyàwó ẹnìkan lè máa rọbí, ọmọ ẹlòmíràn lè wà nílé ìwòsàn, wọ́n gbọ́dọ̀ rí wa bá sọ̀rọ̀. Ohun tí ìgbìmọ̀ wa fọwọ́ sí ni pé fóònù kò gbọ́dọ̀ jáde nídìí ẹ̀rọ tó ń yí, kò sì gbọ́dọ̀ jáde lọ́wọ́ ẹni tó wà nídìí ọkọ̀, àní nínú gosíló. Àwa fúnra wa ni a ó máa ṣọ́ ara wa. A sì ti sọ fún àwọn aláṣẹ pé kí wọ́n fi ìbòrí sí ẹ̀rọ méjì tó kù kí wọ́n tó bá wa sọ̀rọ̀ fóònù rárá.

Akápò ti fún wa lówó láti ra ọpọ́n ayò méjì àti pátákó dráfútì mẹ́ta. Wọn á dé kàntíìnì ní ọjọ́ Ajé. Ẹni tó bá kó ọmọ ayò lọ sílé, a ó mọ̀ ọ́n.

Nínú ènìyàn 23 tí mo pè sínú eré náà, mo ti bá 19 rí ojú, mo sì ti tọrọ àforíjì. Ó ku 4. Bí ẹ bá wà níjokòó yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì lọ bí ìpàdé bá parí. Mo wà lẹ́nu ọ̀nà, lápá ibi tí omi mímu wà.